Bí Mo Ṣe Sọ̀rọ̀ Níbi Òkú Ọ̀rẹ́ Mi Láì Pe Ọlọ́run

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Castle Green yóò sọ fún yín pé irọ́ ni mò ń pa. Ẹ má dá wọn lóhùn. Iyọ̀ ni mo máa ń fi sí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kọ yìí, mi ò fi nǹkan púpọ̀ sí i, torí pé bó ṣe wà yẹn gan-an ti ga jù mí lọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì kà á parí. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi bá ti wọ́, ẹ bá mi fọwọ́ tọ́ ọ kí ẹ máa bá a lọ.

Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mò ń gbé, ní Longbridge, ní ìlú òyìnbó níbí. Ọgbà onípákó ló pààlà ẹ̀yìnkùlé wa àti ti aládùúgbò wa, kò sì ga ju àyà mi lọ. Òyìnbó ni aládùúgbò náà, ó fi ọdún méjì jù mí lọ. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò ní Dagenham ló ti lo gbogbo agbára rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ń gbé lápá Whalebone, ó sì máa ń wá wò ó ní ọjọ́ Sátidé. Ọkùnrin yìí ni mo ṣe ìlérí fún. Ìlérí náà ni pé tó bá kú, èmi ni màá sọ̀rọ̀ níbi òkú rẹ̀, mi ò sì ní gbàdúrà. Ẹyọ kan báyìí. Èmi, alàgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun, tí mi ò lè bu omi mu kí n má kọ́kọ́ dúpẹ́.

Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kìíní, mọ́tò ọmọ mi kọ̀, kò ṣíná. Mo ní kò burú, màá wọ bọ́ọ̀sì. Mo wọ sùtánà mi, mo sì jáde ní ẹsẹ̀ lásán, torí pé nínú ìjọ tiwa, ẹni tó bá ti wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Yìnyín ti bo ilẹ̀. Òtútù ọjọ́ náà mú tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji mi fi kọ̀ tí kò bá mi jáde. Ìgbà tí mo padà dé lọ́sàn-án ni mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ híítà, níbi tó ti ń yáná. Láàárọ̀ náà, mi ò tíì dé ìkóríta tí ọkùnrin yìí fi sáré tẹ̀ lé mi, sálúbàtà rẹ̀ lọ́wọ́ kan, kúbùsù lọ́wọ́ kejì. Ó rọra dì mí lápá mú. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ tó ń rìn lójú oorun sọ̀rọ̀, ó ní kí n má bẹ̀rù, wọ́ọ̀dù wo ni mo ti jáde. Mo ní mi ò ti ọsibítù wá, ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi.

"Èyí wá burú ju èyí tí mo rò lọ," ó ní.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń sọ̀rọ̀ lórí ọgbà. Yóò po tíì méjì, yóò na ọ̀kan sí mi. Èmi náà á sọ ìtàn ayé mi fún un. Mo sọ fún un pé létí ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti bí mi, erinmi kan ló máa ń gbé mi lọ sí iléèwé láràárọ̀, tí yóò dúró lẹ́yìn fèrèsé títí a ó fi ṣíwọ́, àti pé nígbà tí a ṣe ìdánwò, erinmi náà yege, èmi kò yege, ìdí nìyẹn tí mo fi di bíríkìlà. Mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo fi àpá tó wà lójúgun mi hàn án, ibi tó ti bù mí jẹ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ jí ìwé rẹ̀ wò. Kẹ̀kẹ́ ló ṣe mí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kò dùn ún gbọ́.

Ọ̀rẹ́ mi fara balẹ̀ wo àpá náà dáadáa. "Erinmi yẹn," ó ní, "mo lè gbà á gbọ́ ju Ọlọ́run rẹ lọ. Òun ṣáà fi ojú eyín sílẹ̀."

Mo bínú. Mo wọlé lọ, mi ò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ó na tíì sí mi, mo gbà á.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé mi ò rí ibi tí mo lè tò ó sí. Nígbà tí mo wà ní kékeré nílé, mi ò mọ ẹnì kan tí kò ní ẹ̀sìn. Ẹni tí kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì ń lọ mọ́ṣáláṣí, ẹni tí kò lọ sí méjèèjì ní ohun tó ń bọ nínú iyàrá, a sì mọ̀ ọ́n. Bí ẹnì kan bá dìde tó ní òun ò gba nǹkan kan gbọ́, a ó kọ́kọ́ so ewúrẹ́ wa mọ́lẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ló ń bá àwọn arúgbó òpópónà wa gbé ike ìdọ̀tí wọn síta. Òun náà ló jókòó tì mí lọ́jọ́ tí mo ṣubú ní bálùwẹ̀, tí ọmọ mi wà níbi iṣẹ́. Kò gbàdúrà fún mi. Ó kàn di ọwọ́ mi mú, ó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù títí ambúláǹsì fi dé. Lọ́jọ́ kan náà yẹn, àwọn ará ìjọ mi gbàdúrà fún mi lórí fóònù títí fóònù fi gbóná. Wọn ò wá.

Ìlú tí mo wà yìí náà ò yé mi. Àwọn baba wọn ló gbé Bíbélì wá bá àwọn baba wa, wọ́n ní kí a kúnlẹ̀, a kúnlẹ̀. Ìgbà tí mo wá dé ibi tó ti wá, mo bá wọn tí wọ́n ti dìde, wọ́n ti gbọn eruku orúnkún wọn nù. Ṣọ́ọ̀ṣì oníbíríkì tó wà nítòsí wa ti di ilé gbígbé. Obìnrin kan ń din ẹyin níbi tí pẹpẹ wà tẹ́lẹ̀. Mo bi ọ̀rẹ́ mi léèrè lọ́jọ́ kan pé Ọlọ́run tí wọ́n mú wá fún wa, níbo ni wọ́n wá gbé E sí. Ó ní òun rò pé wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa ni, wọn ò fi kankan sílẹ̀.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ń ka èèyàn, ọmọ mi sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń dáhùn fún gbogbo ilé. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo ń wò ó. Ó dé ibi ẹ̀sìn, ó tẹ Kristẹni fún mi. Ó dé orí ti ara rẹ̀, ó tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kò sí. Mo sọ fún un pé ìka rẹ̀ ṣì tẹ̀.

"Kò ṣì tẹ̀, Dádì," ó ní. "Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Ẹ ò bi mí ni."

Ọdún mẹ́ta tó fi ń gbé mi lọ sí Castle Green ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tó ń jókòó sínú mọ́tò níta títí a ó fi ṣe tán. Mo ti rò pé nítorí àwọn tó ń lẹ ìwé ìtanràn mọ́ ojú mọ́tò ni. Mo tiẹ̀ máa ń fi yangàn láàárín àwọn ará ìjọ pé ọmọ tèmi ń ṣọ́ mọ́tò.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rẹ́ mi ṣàìsàn. Ó mọ̀ pé òun ò ní dìde níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú, ó gbé àga rẹ̀ wá sẹ́bàá ọgbà, ó ní òun fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ níbi òkú òun. Mo ní mo gbà, mo sì ti ń wá Sáàmù tí màá kà nínú ọkàn mi. Ó ní rárá. Ó wá sọ ohun tí kò sọ fún mi rí. Ó ní nígbà tí ìyàwó òun kú, àlùfáà kan tí kò rí obìnrin náà sójú rí dúró níwájú gbogbo èèyàn, ó ní olùfọkànsìn ni, ó ní kò sí ọjọ́ tí kò bá Olúwa rẹ̀ rìn. Obìnrin tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wọ ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó sì ń kùn pé ibẹ̀ tutù.

"Wọ́n purọ́ mọ́ ọn," ó ní, "nígbà tí kò lè dá wọn lóhùn."

Mo ní èmi náà kúkú ń purọ́.

"Tìrẹ yàtọ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé irọ́ ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ikọ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Pa irọ́ tó bá wù ọ́ nípa mi. Àdúrà ni mi ò fẹ́. Má gbà á fún mi sókè, má gbà á fún mi sínú. Mo mọ̀ ọ́ dáadáa. O lè fẹ́ gbà á sínú."

Mo ní kó jẹ́ kí n lọ gbé Bíbélì wá kí n fi búra. Ó kàn ń wò mí. Mo rí i pé ìyẹn ò ní ṣiṣẹ́. A wò yíká, kò sí nǹkan mìíràn tí àwa méjèèjì jọ gbà gbọ́ àfi ọgbà tó wà láàárín wa. Mo gbé ọwọ́ lé pákó náà, mo búra.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá sọ fún wa. Ó ní bàbá òun ti kọ orúkọ mi sílẹ̀, pé ibi tí wọ́n ti ń sun òkú ni ètò náà yóò ti wáyé, kò ní sí àlùfáà, obìnrin kan wà tó ń darí ìsìnkú fún àwọn tí kò ní ẹ̀sìn. Mo bi í pé ta wá ni a ó fi òkú náà lé lọ́wọ́. Kò yé e. Ó ní àwọn tó ń gbé òkú yóò wá gbé e. Bó ṣe rí yẹn, kò yé èmi náà mọ́.

Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Alàgbà àgbà wa bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ sọ níbi tí wọn kò ti ní pe Ọlọ́run, ṣé ìwé ìròyìn ni mo fẹ́ lọ kà fún wọn. Wòlíì wa obìnrin ní òun rí mi nínú ìran, mò ń kan ilẹ̀kùn tí kò ní ilé, ó ní kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo gba ọ̀kan àti ààbọ̀. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, alàgbà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ lọ, bàbá," ó ní. "Ẹ gbà á sínú. Ta ni yóò mọ̀?"

Mo ní ibẹ̀ gan-an ni ọkùnrin náà ti dí mọ́ mi. Alàgbà ní májẹ̀mú tí a bá aláìgbàgbọ́ dá kò múlẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ẹni tí mo dá a fún kò tíì kúrò lójú mi. Mò ń bi ara mi pé èwo ló kéré jù nínú ẹ̀ṣẹ̀ méjèèjì, kí n da ẹni tó ti kú tí kò lè bi mí mọ́, àbí kí n dákẹ́ orúkọ Ẹni tí kò ní kú. Mi ò sì lè gbàdúrà lé e lórí, torí pé àdúrà náà gan-an ni ẹjọ́.

Ọmọ mi ní kí n wá fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò níwájú òun ní pálọ̀. Mo dìde, mo túnra ṣe, mo ní ẹ kú àárọ̀ o, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí a rí òní.

"Ẹ ti pè é, Dádì."

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ti lọ sílé. Ó ní ilé wo. Mo ní ó ti lọ sinmi. Ó ní lọ́dọ̀ ta ni. Mo ní ó dìgbà, a ó tún pàdé, ó ní níbo. Èmi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mo wá rí i pé mi ò lè kí èèyàn, mi ò lè ṣọ̀fọ̀, mi ò lè yin ẹnikẹ́ni, mi ò tiẹ̀ lè sín, kí orúkọ náà má bá a jáde. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí n máa rìn láì lo orúnkún. Ìgbà kẹjọ tí mo ṣì í, mo jókòó. Ọmọ mi wá jókòó tì mí.

"Dádì," ó ní, "ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Ẹ má sọ ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀."

Lọ́jọ́ ìsìnkú ó gbé mi lọ, kò sì dúró sínú mọ́tò. Ó wọlé, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú. Inú mi dùn, ó sì tún dùn mí, pé ibi tí wọn ò ti ní pe Ọlọ́run ni ọmọ mi tó lè bá mi wọ̀. Wọ́n fi orin ijó ìgbà èwe òkú gbé e wọlé. Obìnrin tó ń darí ètò kí wa, ó sọ irú ẹni tí òkú jẹ́, ó sì pè mí.

Mo dìde. Mo sọ̀rọ̀ sálúbàtà àti kúbùsù nínú yìnyín. Mo sọ̀rọ̀ erinmi, mo ní ọ̀rẹ́ mi ti bá erinmi náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, pé àwọn méjèèjì jọ fẹnu kò pé èmi ni òpè àárín wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ̀rọ̀ ilẹ̀ bálùwẹ̀, bó ṣe jókòó tí kò jẹ́ kí ọwọ́ mi bọ́. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti gòkè wá sí ọ̀fun mi bí egungun ẹja. Mo gbé e mì. Mo ní ó ṣeun. Mo jókòó. Mi ò pe Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan.

Mo rò pé ó ti tán. Ni obìnrin náà bá ní kí gbogbo wa dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí kálukú ro èrò tirẹ̀, kí ẹni tó bá ní ìgbàgbọ́ gbàdúrà sínú. Kò sẹ́ni tó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Gbogbo ara mi ló fẹ́ bọ́ sínú àdúrà. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í mọlé nínú ọkàn mi. Bíríkì kan, sìmẹ́ńtì, bíríkì kan, sìmẹ́ńtì. Kí ìṣẹ́jú náà tó pé, mo ti mọ ilé alájà mẹ́rin, mo ti kan òrùlé, ó ku fèrèsé.

Níta, níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí, ọmọ òkú wá bá mi. Ọmọ tèmi ti lọ síwájú láti lọ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò. Ọmọ òkú ní mo ṣeun, mo pa òfin bàbá òun mọ́. Mo ní kó tọ́jú ara rẹ̀. Kò lọ.

"Mi ò gba Ọlọ́run gbọ́ o," ó ní. "Ẹ má rò pé mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó dàbí ìgbà tí gbogbo wa jáde nílé tí kò sẹ́ni tó rántí ti ilẹ̀kùn. Ṣé ẹ lè gba àdúrà tiyín fún un? Kékeré."

Ẹ wò ó. Láti ọjọ́ tí mo ti fọwọ́ lé pákó yẹn ni mo ti ń wá ẹni tí yóò bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀ mí tán, mi ò lè ṣe é.

"Mo ti ṣe ìlérí fún un," mo ní.

"Mo mọ̀. Ó sọ fún mi."

"Ta wá ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa, àwọn olókùú mìíràn, ti ń wọlé. Mo ro ọ̀rọ̀ ìlérí náà yíká, mo ń wá ibi tí mo ti lè gbà jáde, mo sì rí i.

"Ìwọ ńkọ́?" mo ní. "Mi ò búra nípa tìrẹ."

Ó rò ó, ó sì mi orí pé kò burú. Mo di ojú. Ní ìjọ tiwa, a kì í kàn gbàdúrà fún èèyàn bẹ́ẹ̀. A ó dárúkọ rẹ̀, a ó sì sọ ọmọ ẹni tó jẹ́, kí ìbùkún má baà ya ilé ẹlòmíràn. Láti kékeré ni ẹnu mi ti mọ̀ ọ́n. Mo pe Ọlọ́run, mo dárúkọ ọmọbìnrin náà, mo ní ọmọ, ahọ́n mi sì ti sáré lọ kí n tó lè mú un. Mo dárúkọ ọ̀rẹ́ mi, tòun ti orúkọ ilé rẹ̀.

Mo dá àdúrà náà dúró. Mo la ojú kan. Òun ò tiẹ̀ di ojú rárá, ó ń wò mí.

"Ẹ ti pè é," ó ní.

"Mo pè é lóòótọ́. Mi ò tọrọ nǹkan kan fún un."

"Ó máa ní ẹ rẹ́ òun jẹ."

"Yóò sọ bẹ́ẹ̀."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú rẹ̀. "Ẹ máa bá a lọ," ó ní.

Mo bá a lọ. Mo tọrọ oorun fún ọmọbìnrin náà. Mo tọrọ ẹni tí yóò máa bá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Mi ò fi kún un. Nígbà tí mo ní Àmín, òun náà ní Àmín, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ tí kò mọ ẹni tó sè é wò. Lẹ́yìn náà ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀.

Ọmọ mi ti rí wa láti inú mọ́tò. Mo wọ mọ́tò, mo de bẹ́líìtì mi. Ọmọ mi ò ṣíná mọ́tò.

"Dádì, ṣé ẹ gbàdúrà fún bàbá yẹn àbí ẹ ò gbàdúrà?"

Mo la ẹnu. Kò sí ohun tí wọ́n lè bi mí láyé yìí tí mi ò ní ìtàn tí màá fi dá wọn lóhùn. Mo wá a, mi ò rí i.

"Mi ò mọ̀," mo ní.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìdarí mọ́tò, ó ń wo iwájú, níbi tí wọ́n ti ń gbé òkú mìíràn wọlé.

"Èmi náà ò mọ̀," ó ní, a sì jókòó síbẹ̀.